Ẹ Fún Wa ní Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ẹgbẹ́ Wa ní Chicago

Sí ẹ̀yin alága, ẹ̀yin ìyálóde, ẹ̀yin akọ̀wé àti ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà tí ẹ jọ ń jókòó ní tábìlì iwájú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lè korò létí.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, èmi àti àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, tí òyìnbó ń pè ní káńsẹ́lọ̀, kọ lẹ́tà sí yín. Ohun kékeré la tọrọ: kí ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fún wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ méjì lóṣù, ká lè máa jókòó pẹ̀lú àwọn òbí àti ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ìbọn ti kàn, yálà ó kàn wọ́n lára tàbí ó kàn wọ́n lọ́kàn. A ò tọrọ owó. A ní a máa gbálẹ̀, a máa to àga padà, a máa pa iná. Èsì yín dé lórí WhatsApp, ìlà mẹ́ta péré: pé ẹ ti gbé e yẹ̀ wò, pé "ọ̀rọ̀ àwọn akátà" nìyẹn, ìyẹn àwọn dúdú Amẹ́ríkà, kì í ṣe tiwa, pé ẹ ò fẹ́ ohun tó máa gbé ìbọn wọ gbọ̀ngàn. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kéde iye aṣọ ẹbí àjọ̀dún ọdún yìí, àti iye tí a dá fún olórin tó ń bọ̀ láti Èkó.

Mi ò bínú sí aṣọ ẹbí o. Mo ti san tèmi. Àmọ́ mo kọ lẹ́tà kejì yìí síta kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà á, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé òun ò gbọ́ sí i.

1. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí akọ̀wé ka lẹ́tà wa, àgbà kan béèrè pé, "Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n?" Gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ẹni tó dá a lóhùn pé, "Dókítà wèrè ni wọ́n." Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe wèrè. Ẹni tí wọ́n yìnbọn lójú rẹ̀, tàbí tí wọ́n pè láàárín òru pé kó wá wo òkú ọmọ rẹ̀ bóyá òun ni, ara rẹ̀ ti gba ohun tí ọkàn rẹ̀ ò tíì rí ibi gbé sí. Ọ̀rọ̀ ti tán, ara ò mọ̀ pé ó ti tán. Bí ẹnìkan bá fi agbára ti ilẹ̀kùn, àyà á já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn míì kì í gbọ̀n ní tiwọn, ṣe ni wọ́n máa ń tutù, wọ́n á wà láàárín ẹbí bí ẹni tí kò sí nílé. Iṣẹ́ wa ni láti jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí ara á fi gbà pé àná ti di àná. Kò sí àgbo níbẹ̀, kò sì sí ṣẹkẹṣẹkẹ.

Ti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun kì í di àná. Ẹni tí wọ́n pa aládùúgbò rẹ̀ nítorí àwọ̀ dúdú, àwọ̀ dúdú yẹn náà ló máa gbé wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọ̀la.

2. Ẹ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ kan fún yín. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹ má baà dá wọn mọ̀, ìyá rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, Chicago níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní 79th Street lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan kọjá, ọta sì bà á ní itan. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ fún un, ó padà sílé lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí àwọn ará ìjọ béèrè ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ ní ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ni. Oṣù kẹsàn-án la wà nígbà yẹn, yìnyín kankan ò sí nílẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni ìyá yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tètè dá wọn sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ó délé, ó wá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò rí i. Inú báàfù ló ti bá a, tó ká jọ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, fóònù lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ ní irin ni báàfù, ọta ò lè gbà á kọjá. Ó ti ń sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kàn máa ń jáde kí ìyá rẹ̀ tó dé ni. Báàfù yẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi. Itan ti jinná nígbà yẹn.

Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì mi, kò jókòó síbi tí mo nawọ́ sí. Ó gbé àga kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló jókòó sí. A ò sọ ohun tó ju Arsenal lọ lọ́jọ́ yẹn. Oṣù méjì gbáko ló gbà kó tó dárúkọ bọ́ọ̀sì. Ohun tó sì wá sọ nígbà tó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ìbọn rárá. Ó ní bí mọ́mì ṣe ní kí òun máa sọ pé yìnyín ni, òun rò pé òun ló dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ìtìjú yẹn gan-an la fẹ́ fi gbọ̀ngàn yín tú. Ìyá yẹn ò mọ̀ pé nínú ìjọ kan náà, ní bẹ́ńṣì mẹ́ta sẹ́yìn òun, ìyá míì wà tí àbúrò rẹ̀ kú ikú ìbọn, tí wọ́n ní ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Mo mọ àwọn méjèèjì. Òfin iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n sọ ti ẹnìkan fún ẹnì kejì. Àfi tí wọ́n bá fúnra wọn pàdé níbì kan.

3. Ọ̀rọ̀ "akátà" yìí wá ńkọ́? Mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo lò nílùú yìí, kì í kúrò lẹ́nu mi. Buffalo ló gbà á lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ọmọkùnrin òyìnbó ọlọ́dún 18 kan wa ọkọ̀ ju 200 máìlì lọ, ó wá sí súpámákẹ́ẹ̀tì Tops tó wà ní Jefferson Avenue nílùú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdí tí òun fi yan ibẹ̀ ni pé àwọn dúdú pọ̀ níbẹ̀. Ó pa èèyàn mẹ́wàá, ó ṣe mẹ́ta léṣe, ó sì ń fi bó ṣe ń ṣe é han aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dúdú ni àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó kú. Ìyá ọlọ́dún 86 wà nínú wọn, tó lọ wo ọkọ rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ní kí òun yà ra nǹkan kí òun tó darí sílé. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì wà nínú wọn, òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó yìnbọn ba apààyàn náà, ṣùgbọ́n ọta ò ràn án, torí aṣọ tí ọta kì í wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ládùúgbò náà. Àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti jà, kó tó ṣí ní 2003. Lẹ́yìn oṣù méjì tí wọ́n pààyàn níbẹ̀, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n ṣí i padà. Àwọn kan wọlé. Àwọn kan ní àwọn ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń ra mílíìkì níbi tí wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Irú ìbéèrè tí àwọn agbaninímọ̀ràn jókòó tì pẹ̀lú àwọn ará Buffalo nìyẹn. Kóòtù ìpínlẹ̀ rán apààyàn náà lẹ́wọ̀n gbére ní oṣù kejì 2023, àwọn oníròyìn ká wáyà kámẹ́rà wọn, wọ́n lọ. Ìbéèrè mílíìkì ò tíì lọ.

Ká ní ìyá yín ló wà nídìí ìsanwó lọ́jọ́ yẹn, tó ró ìró, tó wọ bùbá, ṣé ẹ rò pé ọmọkùnrin yẹn á kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wá? Ẹ rántí Amadou Diallo. Ọmọ Gíní ni, ọlọ́dún 23, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn sí i ní ìgbà 41 lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bronx. Kò ní ìbọn lọ́wọ́. Wọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló mú jáde. Kóòtù dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ìgbà wo ló ráyè ṣàlàyé fún wọn pé òun kì í ṣe akátà? Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, bó tilẹ̀ yà díẹ̀. Àwọn tí ẹ ń pè ní akátà yìí ló tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970. Wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n ń bọ òrìṣà, wọ́n ń sọ ọmọ wọn lórúkọ wa, nígbà tí àwa ń sọ tiwa ní Kimberly. Ìpínlẹ̀ kan náà yẹn, ní Charleston, ni òyìnbó ọlọ́dún 21 kan ti wọ Emanuel, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú, ní oṣù kẹfà 2015, tí wọ́n fún un ní àga, tó jókòó tì wọ́n, tó wá pa mẹ́sàn-án nínú wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ mi, ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe.

4. Àwọn kan nínú yín ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ bí ìjọba ṣe ń ṣe é.

Láti 1991 títí di 2018, kò sí ilé ìwòsàn kan ní gbogbo South Side, apá gúúsù ìlú wa yìí, tó ń gba àgbàlagbà tí ìbọn bà ní pàjáwìrì ńlá. Ní 2010, wọ́n yìnbọn fún ọmọ ọdún 18 kan nítòsí ilé ìwòsàn Yunifásítì Chicago, wọ́n sì ní láti gbé e kọjá lọ sí àárín ìlú. Ó kú. Àwọn ọ̀dọ́ dúdú tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ọdún márùn-ún gbáko jà, tí wọ́n sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ọlọ́pàá kó wọn, kí yunifásítì náà tó gbà. Ní oṣù karùn-ún 2018 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ tó ń jókòó ti ẹni tí ìbọn bà àti ẹbí rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rántí pé ẹgbẹ́ wa kan fi ẹsẹ̀ tẹ ibi ìwọ́de yẹn. Èmi náà ò lọ.

Ní 2012, ìjọba ìlú Chicago ti mẹ́fà pa nínú ilé ìtọ́jú ọpọlọ méjìlá tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó mọṣẹ́ ní agbaninímọ̀ràn kan kò yẹ kó ní ju akẹ́kọ̀ọ́ 250 lọ. Ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, ẹnìkan ń gbé ju 370 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn dúdú ò ju bíi márùn-ún lọ. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ìyá kan bá tiẹ̀ rọ́nà wá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa fi ṣàlàyé fún òyìnbó ìdí tí ọmọ ò fi gbọ́dọ̀ wo àgbà lójú.

Lẹ́yìn Buffalo, àti Uvalde ní Texas níbi tí wọ́n ti pa ọmọ ilé ìwé 19 àti olùkọ́ méjì lọ́jọ́ mẹ́wàá sí i, àwọn aṣòfin ní Washington ṣe òfin kan ní oṣù kẹfà 2022. Wọ́n ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọ ilé ìwé: ká kọ́ àwọn agbaninímọ̀ràn tuntun, ká sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́, owó yẹn ni wọ́n fi ń kàwé. Ní ìparí oṣù kẹrin 2025, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ò ní san ìyókù mọ́. Ìpínlẹ̀ 16 gbé wọn lọ sí kóòtù, Illinois wà nínú wọn, adájọ́ kan ní Seattle sì sọ ní ìparí ọdún náà pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Inú mi dùn. Àmọ́ ẹni tó ti wáṣẹ́ lọ sí Amazon kì í padà torí ìwé adájọ́.

Oṣù kẹrin yẹn náà ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ fagi lé owó ìrànwọ́ tó lé ní 350, àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ti àwọn tó ń wọ àdúgbò lọ pẹ̀tù sí ìjà kí ìbọn tó dún wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tí ìbọn ti ba òun náà rí, la jọ máa ń pàdé nílé ìwòsàn. Tí ọ̀dọ́ kan bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bínú nísàlẹ̀, òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ó máa ń ra búrẹ́dì àti ṣíìpù dání, ó ní inú tó bá yó kì í tètè gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀san. Í-méèlì ni wọ́n fi sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó ka í-méèlì náà tán, ó sì tún bá mi lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ kejì, láìsí owó.

Ní 2021, nǹkan bí 800 ni wọ́n pa nílùú yìí. Ní 2024, wọn ò tó 600. Ó ń dín kù, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Àmọ́ ẹ máa ṣírò àwọn tí ìbọn bà tí wọn ò kú. Ẹ ṣírò àwọn tó wà lójú fèrèsé.

5. Èyí wà fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ máàkì ń dùn mọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ní 2010, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Patrick Sharkey gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ dúdú ní Chicago yìí. Àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò ìwé kíkà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n pààyàn nítòsí ilé wọn, máàkì wọn wálẹ̀ gan-an sí ti àwọn ọmọ àdúgbò kan náà tí wọ́n ṣe é nígbà míì. Kì í ṣe pé wọ́n yìnbọn fún ọmọ náà o, kò sì pọn dandan kó wà níbẹ̀. Ẹ̀ ń san owó lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé fún ọmọ tí kò sùn.

6. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà wa. Mi ò bá àdúrà jà. Ọmọ Ìyá Ìjọ ni mí, àdúrà aago méjìlá òru ni mo fi jí dàgbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ìyá ọmọ inú báàfù lọ bá pásítọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún ọmọ náà, wọ́n ní tí ẹ̀rù náà ò bá lọ, kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sílé lọ bá bàbá àgbà. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ẹ wá ní kó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀bi ọmọ tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni wọ́n gbé rù ú, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì ló ń dúró dè.

Ti àwọn tó fi ìbọn pa ara wọn, ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ìbọn pa èèyàn tó lé ní 48,000 ní Amẹ́ríkà ní 2022, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Mo ti jókòó níbi ìsìn ìdágbére tí wọ́n ti ka "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" lórí ọmọ ọdún 22, tí gbogbo wa sì mọ̀. Àbúrò rẹ̀ wà ní ìlà iwájú, ó tẹ orí ba. Ta ló máa bá ìyẹn sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹ ti kéde pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀?

7. Ẹ wo àyíká yín nípàdé tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà níbẹ̀? Èèyàn wa tó wà ní ìmẹ́jẹ́ńsì, tó ń gé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ lóru Sátidé, tó wá ń jó níbi àjọ̀dún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ta ló ti bi í rí bó ṣe sùn? Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ká wá gbọ̀ngàn.

8. Ohun tí a wá ń béèrè nìyí.

Àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn, bí a ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ti ìbọn tí ẹ ní a máa gbé wọ ibẹ̀: àwọn tó ń bọ̀, àwọn tí wọ́n yìn ín fún ni. Dúdú Amẹ́ríkà máa wà nínú wọn o, mi ò ní parọ́ fún yín. Aládùúgbò wa ni wọ́n, òjìji fìrí ni wọ́n ń rí wa láti ọdún yìí wá, tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ pẹ̀lú gèlè.

Ìkejì, kí ọ̀rọ̀ akátà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹgbẹ́. Ohun tí kálukú bá ń sọ nílé rẹ̀, èmi ò lè ṣọ́ ọ. Àmọ́ kì í ṣe láti tábìlì iwájú mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Ọmọ wa ń gbọ́ ọ, àwọn náà ló sì ń jẹ́ orúkọ yẹn ní ilé ìwé àti lójú ọlọ́pàá.

Ìkẹta, àwọn onídìrí àti bábà wa. Ní Little Rock, ní Arkansas, ni àjọ kan tó ń jẹ́ The Confess Project ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn bábà bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ àti ibi tí a ń júwe fún un. Ó ti kúrò ní Arkansas nìkan. Ẹni tó bá jókòó fún wákàtí mẹ́fà tí wọ́n ń dirun fún un, kí lẹ rò pé ó ń sọ? Àwọn onídìrí wa ti ń ṣe iṣẹ́ wa láti ọjọ́ yìí wá, láìsí ẹni tó kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní gbé e délé. A ṣe tán láti kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá wa pè wọ́n jọ, ẹ̀yin lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ìkẹrin, ìbò yín. Gbogbo oṣù kẹwàá ni àwọn aṣòfin máa ń wá ya fọ́tò pẹ̀lú yín níbi ayẹyẹ òmìnira Nàìjíríà. Illinois àti Connecticut ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 2021, pé Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, lè sanwó fún òṣìṣẹ́ tó ń dúró ti ẹni tí ìbọn bà. Òfin wà, àmọ́ ẹgbẹ́ kéékèèké bíi tiwa ò rí ọ̀nà dé ìdí owó náà, torí ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀ ju òṣìṣẹ́ wa lọ. Nígbà tí aṣòfin bá tún dé, kí fọ́tò tó yà, ẹ bi í léèrè.

Ìkarùn-ún ò ní ná yín ní kọ́bọ̀: kí nọ́ńbà 988 wà lẹ́yìn ìwé ètò ìsìn àti ti ìpàdé, lábẹ́ orúkọ àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ dàrú, lè pè é tọ̀sán tòru, yálà ìbọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà tàbí kò sí.

Ọmọkùnrin inú báàfù yẹn ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi dẹ́sìkì rẹ̀ dí fèrèsé, ìyá rẹ̀ sì ti gbà pé kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Ó ní tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, òun máa wá bá wa to àga, tí a ò bá ti ní kí òun sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ pé ọwọ́ akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, aago méje alẹ́. Àga ogún ti tó wa. Tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà títí di aago mẹ́sàn-án, a sì máa padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kẹta.

Èmi ni ọmọ yín,
Agbaninímọ̀ràn kan ní South Side, Chicago